Ìjì ń bọ̀ ní Houston, ọkọ mi máa wà ní ọsibítù: báwo ni kí n ṣe ilé pẹ̀lú ìkókó àti màmá?

ÌyáÌkókó_Katy

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ní ìjì líle tó wà ní Gulf of Mexico yìí lè gúnlẹ̀ sí Texas ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí òní. Katy la wà, kò jìnnà sí ibùdó omi Barker, ilé alájà méjì. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Màmá mi wá láti Ìbàdàn láti bá mi wẹ ọmọ. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń gún insulin. Nọ́ọ̀sì ni ọkọ mi, ó wà lára àwọn tí ọsibítù ń pè ní ride-out team, ìyẹn àwọn tó máa sùn síbẹ̀ títí ìjì á fi kọjá. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó délé.

Ṣé ká sá ni àbí ká jókòó? A ní jẹnẹrétọ̀ 2,200 wáàtì tó ṣì wà nínú páálí. Omi ọmú tí mo fún sínú fírísà ńkọ́? Insulin màmá ńkọ́? Màmá sì ti ń sọ pé bí iná bá lọ, ká máa fún ọmọ lómi àti àgbo nítorí ooru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

BàbáAlief

Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mọ èwo ló kan ilé yín. Omi la máa ń sá fún, afẹ́fẹ́ la máa ń sá pamọ́ fún. Àwọn tí ìjọba máa ń pàṣẹ fún pé kí wọ́n kó jáde ni àwọn etí òkun àti ẹ̀bá Galveston Bay. Nọ́ńbà ZIP, ìyẹn nọ́ńbà àdírẹ́sì ìfìwéránṣẹ́, ni wọ́n fi pín wọn sí Coastal, A, B àti C. Katy ò sí nínú ẹ̀. Ìjì Rita ti kọ́ Houston lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí ní September 2005. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ dúró gbagidi nínú oòrùn, epo tán mọ́ wọn nínú, àwọn tó kú lórí sísá ní Texas sì pọ̀ ju àwọn tí ìjì fúnra rẹ̀ pa lọ. Ẹ ò ní fẹ́ wà nínú irú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Barker tí ẹ dárúkọ yẹn ló yẹ kó ká yín lára. Addicks àti Barker kì í ṣe adágún, gbígbẹ ni inú wọn máa ń wà. Àwọn ẹnjiníà ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló kọ́ wọn ní àwọn ọdún 1940 láti dá omi dúró kó má baà ya wọ àárín ìlú. Nígbà ìjì Harvey, ní August 2017, omi kún padà sẹ́yìn, ó bá àwọn tó kọ́lé sókè ibùdó náà nínú yàrá. Nígbà tí wọ́n sì ṣí ojú omi, ó wọ ilé àwọn ti ìsàlẹ̀. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé omi ibùdó kì í bá òjò wá. Ó lè máa ga sí i lẹ́yìn tí òjò ti dá, tí gbogbo èèyàn ti ń mí ìmí ìtura. Máàpù FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àjálù, nìkan ò sì tó láti fi mọ̀ bóyá ilé yín wà níbi tí omi Barker lè dé. Ẹ wo máàpù Harris County Flood Control District, kí ẹ yẹ ìwé ilé yín náà wò.

Bí ilé bá wà níbi tí omi Barker lè dé, tí wọ́n sì ń sọ pé òjò á ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ẹ kúrò ní ọjọ́ méjì ṣáájú, lójú ọ̀sán. Kò dìgbà tí ẹ bá dé Dallas. Ilé ọ̀rẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ gíga nínú Houston níbí náà tó. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ jókòó.

Ní òru afẹ́fẹ́, ìsàlẹ̀ ni kí gbogbo yín sùn, ní kọ̀rídọ̀ tí kò ní fèrèsé, torí igi máa ń wó lu àjà òkè. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lẹ́yìn náà, ẹ gòkè. Ẹ má wọ inú òrùlé, kò sí ọ̀nà àbájáde níbẹ̀. Ẹ má sì wakọ̀ wọ omi: ínṣì 12 ti tó láti gbé ọkọ̀ kékeré, ẹsẹ̀ bàtà méjì á gbé jíìpù.

Adójútòfò ìkún omi máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ti ìjì yìí ti bọ́. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá àti nọ́ńbà ara àwọn ẹ̀rọ. Páásípọ̀ọ̀tù màmá àti ìwé ìbí ọmọ, inú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀ ni kí wọ́n wà.

Oníná_SugarLand

Ọ̀rọ̀ Bàbá Alief dára, àmọ́ ohun tó máa pẹ́ jù ni àìsí iná. Ìjì Beryl tó wọlé ní July 8, 2024, Category 1 péré ni, ìyẹn ìpele tó kéré jù, síbẹ̀ ó mú iná lọ lójú ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì ní agbègbè Houston. Àwọn kan ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó rí iná, ooru tó tẹ̀ lé e sì pa èèyàn. Òru kan ni afẹ́fẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ múra fún.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn jáde nínú páálí lónìí, kí ọkọ yín tó lọ. Tuntun kì í ní ọ́ìlì nínú. Bí ọ́ìlì ò bá dé ibi àmì, ẹ̀rọ inú ẹ̀ ò ní jẹ́ kó tan, àwọn èèyàn á máa fa okùn títí apá á fi ro wọ́n, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí ẹ tó wọn ọ́ìlì. Ẹ ṣí ojú epo, ẹ fa choke, ẹ pa bọ́tìnì eco tó ń dín epo kù, kí ẹ tó fa okùn. Nígbà tó bá ti gbóná tán ni kí ẹ tan eco padà. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ò gbọdọ̀ fa okùn yẹn. Ẹ bá aládùúgbò kan sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, kí ọkọ yín tan án lójú ẹ̀.

2,200 wáàtì ò lè gbé éèsì gbogbo ilé, 240 fóòtì nìyẹn ń gbà. Ẹ lọ ra éèsì ojú fèrèsé kékeré, 5,000 BTU, kó tó tán nílẹ̀. Ó máa ń jẹ nǹkan bí wáàtì 450 sí 500. Fíríìjì ń jẹ 150 sí 200, àmọ́ nígbà tó bá ń gbéra ó lè gba 1,000 lójijì. Ẹ tan fíríìjì, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó tan éèsì. Yàrá kan ṣoṣo ni kí ẹ fi tutù, kí gbogbo ilé kó wọbẹ̀ sùn.

Lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, gálọ̀nù epo kan á lò tó wákàtí 4 tàbí 5. Bí ẹ bá ń tan án lóru àti fún wákàtí méjì-méjì lọ́sàn-án, gálọ̀nù 3 lóòjọ́ ni kí ẹ fojú sí. Ẹ ra epo kí ìjì tó dé, torí ilé epo tí kò níná kò lè fa epo. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì epo sínú gáréèjì tí ẹ̀rọ amómigbóná onígáàsì wà. Gáàsì epo á fà lọ bá iná ibẹ̀. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó bu epo sí i, kí ẹ sì yẹ ọ́ìlì wò nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ èéfín wá kù. Gbogbo wa la mọ jẹnẹrétọ̀ láti ilé, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ ká fojú di í. Ilé Texas, wọ́n dí i pa kí òtútù éèsì má baà jáde. Carbon monoxide tó bá wọlé ò ní rí ọ̀nà lọ, kò sì lóòórùn. Ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, ó kéré tán, ẹnu èéfín sí òdìkejì ilé. Kì í ṣe ìta ẹ̀yìnkùlé tó ní òrùlé, kì í ṣe gáréèjì, bó ti wù kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ tó. Ẹ ra aago ìkìlọ̀ carbon monoxide oníbátìrì méjì, àjà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan. Bí orí bá ń fọ́ àwọn àgbà lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí ọmọ ń sùn tí kò ṣe é jí, ẹ kó jáde síta kí ẹ pe 911.

Wáyà ẹ̀sítẹ́ṣàn 12 gauge ti ìta ni kí ẹ lò. Àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ilé máa ń gbóná, wọ́n sì máa ń yọ́ níbi tí fèrèsé bá ti há a. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ki jẹnẹrétọ̀ bọ ihò iná ẹ̀rọ agbáṣọgbẹ láti tan gbogbo ilé, ẹ má gbọ́ tiẹ̀. Iná yẹn á gba wáyà padà lọ pa òṣìṣẹ́ tó ń tún òpó ṣe.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ màmá.

Insulin tí wọn ò tíì ṣí, inú fíríìjì ni ààyè ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ lè wà níta fún ọjọ́ 28 bí ibẹ̀ ò bá gbóná ju 86°F lọ, ìyẹn 30°C. Ilé tí kò níná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Houston á ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé e, ẹ kó yìnyín sísàlẹ̀ kúlà, kí insulin má fara kan yìnyín rárá. Èyí tó bá ti dì, dídànù ni, bó tilẹ̀ yọ́ padà tó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìkòkò amọ̀ oníyanrìn táwọn kan máa ń lò nílé ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbí, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Houston ò jẹ́ kí omi ara ẹ̀ gbẹ kó fi tutù.

Ooru máa ń mú kí insulin tètè wọ ara, súgà lè já wálẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òógùn àti gbígbọ̀n tí súgà wíwálẹ̀ ń mú wá, èèyàn lè rò pé ooru lásán ni. Bí súgà bá wá sílẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, ẹ fún wọn ní ìdajì kọ́ọ̀bù omi èso, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bá jẹ́ irú tó ń mú èèyàn tọ̀, ẹ bi dókítà nísinsìnyí bí wọ́n ṣe máa lò ó nínú ooru. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ìwé oògùn láti Ìbàdàn, ilé oògùn níbí ò ní gbà á, nítorí náà ẹ gbé wọn lọ sí kílíníìkì lọ́la bí oògùn wọn ò bá tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀yin náà, ìyá ọmọ: ẹ má gbé ohun tó wúwo ju ọmọ lọ. Gálọ̀nù omi kan ti ju pọ́n-ùn 8 lọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì gálọ̀nù 5 sì ju 40 lọ. Ìgò kéékèèké ni kí ẹ bu omi sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kún páàdì kan láàárín wákàtí kan, bí orí fífọ́ ò bá lọ tí ojú sì ń ṣú, bí ibà bá dé 100.4°F, bí ẹsẹ̀ kan bá wú, 911 ni. Nínú afẹ́fẹ́ líle wọ́n lè má tètè dé, àmọ́ ẹ pè kí orúkọ yín ti wà lórí ìlà.

Ọ̀rọ̀ omi àti àgbo: rárá o, kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ikùn ọmọ kéré. Omi á gba àyè ọmú, á sì fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dànù, ìyẹn sì lè fa gìrì. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ gìrì yìí fún màmá, ó máa yé wọn ju "dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀" lọ. Bí ooru bá mú, ọmú lemọ́lemọ́ ni omi ẹ̀. Ẹ máa ka pampers tó tutù. 6 lóòjọ́ ló yẹ. Bí ó bá dín, tí àwújẹ rẹ̀ jìn wọlé, tàbí tí ìwọ̀n ooru tí ẹ wọ̀n ní ìdí ẹ̀ bá dé 100.4°F, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Omi ọmú inú fírísà: ẹ kó gbogbo ọ̀rá ẹ̀ pọ̀ sí àárín, kí ẹran àti ìgò omi dídì yí i ká. Bí yìnyín bá ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ lè dì í padà. Bó bá ti yọ́ tán àmọ́ tó ṣì tutù, wákàtí 24 nínú fíríìjì. Bó bá wà níta, wákàtí méjì. Ìpayà lè mú kí ọmú lọ́ra láti sọ̀, kò ní gbẹ. Ẹ ṣáà máa fi ọmọ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ ra mílíìkì fún ìdúró, èyí tí wọ́n ti pò sínú ìgò kékeré ni kí ẹ rà. Oníyẹ̀fun nílò omi tó dájú, omi tó dájú gan-an ni kì í sí.

Bẹ́ẹ̀dì ọmọ kékeré ni kí ọmọ sùn sí nínú yàrá tútù yẹn, kì í ṣe àárín àgbà méjì tó ti rẹ̀ lórí mátíréèsì. Oògùn ẹ̀fọn kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ta bò ó.

ÌyáÌkókó_Katy

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Màmá ti gba ti gìrì. Àmọ́ wọ́n ní àwọn tọ́ ọmọ méje láìsí éèsì, wọn ò rí ìdí tí a fi ń kó gbogbo ilé sínú yàrá kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin yìí sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì látìgbà tí àbúrò ẹ̀ ti dé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìjì á tún dá kún un. Àwọn ará ilé náà ń pè láti Nàìjíríà tọ̀sán tòru.

ÌyáMẹ́ta_Richmond

Màmá ò parọ́, ilé ló yàtọ̀. Ilé Ìbàdàn ní fèrèsé níwájú lẹ́yìn, atẹ́gùn ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ilé Katy, éèsì ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bá wọn sọ ọ́, kò ní dà bí ẹni pé ẹ ń kọ́ wọn ní ọmọ títọ́. Ẹ wá fún wọn níṣẹ́ gidi tí wọ́n lè jókòó ṣe: ìwé tí wọ́n á máa kọ ìwọ̀n súgà, àsìkò oògùn àti iye pampers sí. Ẹni tó bá ń bójú tó nǹkan kì í fi bẹ́ẹ̀ jáyà. Bí wọ́n bá máa ń ṣàdúrà òru, ẹ gbé láńtà oníbátìrì fún wọn, kì í ṣe àbẹ́là. Iná àbẹ́là nínú yàrá tó ní nẹ́ẹ̀tì ọmọ, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ọmọ ọdún mẹ́rin tó padà sí títọ̀ sílé kò ṣorí kunkun. Àbúrò dé, bàbá ń lọ, gbogbo ilé ń kẹ́rù. Ẹ da pampers alẹ́ padà fún un fún ọ̀sẹ̀ náà, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í wé ìkókó. Ẹ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún un ṣáájú, ní ọ̀rọ̀ tó lè gbé: afẹ́fẹ́ máa pariwo, iná máa lọ, a máa sùn sí kọ̀rídọ̀, bàbá ń tọ́jú àwọn aláìsàn, wọ́n á padà. Tọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ ni kó mú dání. Akoto kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kó wà nítòsí, kó dé e bí ìkìlọ̀ ìjì ayípo bá dún. Kí ọkọ yín gba ohùn "ó dàárọ̀" sórí fóònù fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n ìròyìn lójú ẹ̀. Màmá ní àlọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á.

Ti àwọn ará ilé: wákàtí mẹ́fà ni Ìbàdàn fi ṣáájú Houston lásìkò yìí. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀ tí ẹ á máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ní aago 7 àárọ̀ níbí, aago 1 ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Òun ni kó máa sọ fún àwọn yòókù. Àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń kọjá nígbà tí ìpè ò bá wọlé, kì í sì í jẹ bátìrì tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan táwọn ìdílé máa ń gbàgbé: ẹ pinnu ṣáájú ìgbà tí ẹ máa kúrò. Ní ọjọ́ kẹta, oorun ò tó, inú ń bí gbogbo èèyàn, ọ̀rọ̀ "ká lọ, ká má lọ" ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri: bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, tí yàrá sì kọjá 85°F fún wákàtí méjì, ilé lágbájá là ń lọ. Ẹ pe 211, wọ́n á sọ ibi tí ìjọba ti ṣí gbọ̀ngàn tútù. Nígbà tí ọkọ yín bá sì dé, kó kọ́kọ́ sùn. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ò yẹ kó máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀.

BàbáAlief

Ẹ̀yin ará, ẹ ò sọ̀rọ̀ omi mímu. Gálọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ẹ ka ìyálọ́mọ sí méjì. Ẹ pọn omi kún ọpọ́n ìwẹ̀, fún ṣíṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan. Ìdérí ihò ọpọ́n máa ń jò, ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ á mọ́ tí omi ti lọ. Bí wọ́n bá kéde pé ká máa se omi, kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá sí iná, bleach tí kò lóòórùn dídùn, ìwọ̀n 6%, ẹ̀kán 8 sí gálọ̀nù kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30.

ÌyáÌkókó_Katy

Ẹ ṣé, bàbá. Ìbéèrè mi tó kù: màmá fẹ́ se ìkòkò ọbẹ̀ ńlá kalẹ̀, kí wọ́n máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ bíi ti ilé. Ṣé ó dáa?

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Kò dáa fún ilé tó ní ìyálọ́mọ àti alátọ̀gbẹ. Sísè á pa kòkòrò, àmọ́ májèlé tí àwọn kan nínú wọn ti tú sínú ọbẹ̀ kì í kú nínú iná. Ẹ pín ọbẹ̀ sí abọ́ kékeré fún ìjẹ kan-kan, ẹ dì í. Fírísà tó kún tí wọn ò ṣí á gbé e fún wákàtí 48, èyí tó dé ìdajì 24; fíríìjì, 4 péré. Ẹ bu omi sí kọ́ọ̀bù kan, ẹ jẹ́ kó dì, ẹ fi owó ẹyọ kan lé orí ẹ̀, ẹ gbé e sínú fírísà kí ìjì tó dé. Bí owó náà bá wà lókè lẹ́yìn tí iná dé, nǹkan inú ẹ̀ ò yọ́. Bó bá ti rì dé ìsàlẹ̀, ẹ da ẹja àti ẹran nù, kódà bó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló gbé fírísà náà ró.